Ó jọ mí àbí kò jọ mí? Bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ya ojú ara yín, tí ẹ ó sì mọ ìtumọ̀ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ bá sọ

Bí èèyàn bá fi pẹ́ńsùlù ya ojú ara rẹ̀, tó wá gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò n'Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń gbọ́: "O kú iṣẹ́ o!", "Ta nìyí?" àti "Wàá ya tèmi náà." Ti àkọ́kọ́ yẹn, ìkíni ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò náà, "o kú iṣẹ́" la ń kí i, ì báà jẹ́ kòtò tó wọ́. Ti ìkẹta, ẹni tó ń wá ọ̀fẹ́ ló ni ín, a ṣì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ta nìyí?" lọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó tì. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ fa bébà ya, bẹ́ẹ̀ àwòrán náà lè máà ní àléébù kankan. Ó kàn lè jẹ́ pé ojú tí ayàwòrán yà yàtọ̀ sí ojú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó fẹ́ ya ojú ara rẹ̀, tó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ wúlò fún un, dípò kó kàn dùn mọ́ ọn tàbí kó dùn ún, ni mo kọ èyí fún.

Ìdí tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ò fi ní rí nǹkan kan náà

Inú dígí lẹ ti mọ ojú yín. Nínú dígí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yín wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹni tó bá pàdé yín lójúkojú ní Mọ́kọ́lá, ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ ló ti ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yẹn. Ká ní ọ̀tún àti òsì ojú èèyàn rí bákan náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú kan a máa wálẹ̀ ju èkejì lọ, imú a yà díẹ̀ sápá kan, ẹnu a gbé sókè níbi tí èèyàn máa ń gbà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní ìbàmú tàbí àpá lẹ́rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, tiẹ̀ tún hàn ketekete. Tó bá ya ohun tó rí nínú dígí láìyí nǹkan kan padà, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì á di ti ọ̀tún lójú ẹni tó ń wo bébà.

Ẹ wo Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Etí òsì ló fi abẹ gé lóṣù Kejìlá ọdún 1888. Nínú àwòrán ara rẹ̀ tó yà ní 1889, etí ọ̀tún ló dà bíi pé wọ́n fi báńdéèjì dì. Dígí ló wò yà á.

Ní 1977, àwọn olùwádìí kan l'Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ya fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, wọ́n tẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà méjì: bí ojú ṣe rí gan-an, àti bó ṣe ń rí nínú dígí. Wọ́n ní kí olójú àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú èyí tó wù wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olójú mú ti dígí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ mú èkejì. Ohun tó ti mọ́ kálukú lójú ló wù ú.

Èyí ló fà á tí mo fi máa ń sọ pé kí ayàwòrán má tíì fọwọ́ kan irésà tó fi ń pa ìlà rẹ́ nítorí "kò jọ ẹ́". Ẹ kọ́kọ́ mọ èwo lẹ yà nínú ojú méjèèjì yìí: ti inú dígí, àbí èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mọ̀.

1. Ìjókòó, ìmọ́lẹ̀, irinṣẹ́

Ẹ wá dígí tó tẹ́jú, tó tó ìwé A4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dígí tí kò bá tẹ́jú máa ń fa ojú gùn, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe tí kò sí lọ́wọ́ yín kiri. Ẹ gbé e kọ́ ògiri débi tí ojú inú rẹ̀ á ṣe dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, nítorí ẹni tó bá tẹrí ba wo dígí orí tábìlì, àgbọ̀n àti ihò imú ló máa yà.

Ojú fèrèsé ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Iná mànàmáná, ẹ̀yin náà mọ̀: ibi tí ẹ bá ti dé ìpéǹpéjú ni wọ́n máa mú un lọ. Àwọn ìwé òyìnbó sábà máa ń sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ló dáa, torí oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni ní ìlú tiwọn. N'Ìbàdàn, láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin títí dé ìparí oṣù Kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá lókè orí wa, nítorí náà fèrèsé àríwá náà lè fi oòrùn gún yín lójú. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan bò ó, ó parí.

Pẹ́ńsùlù HB, 2B àti 6B tó (HB ló le jù nínú wọn, 6B ló rọ̀ tó sì dúdú jù). Ìwé tó nípọn díẹ̀ tí kò dán, irésà tó rọ̀ (kílínà làwọn ọmọ iléèwé ń pè é), abẹ láti fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù, rúlà kan, ọṣẹ kékeré kan. Ẹ ó rí ohun tí ọṣẹ wà fún láìpẹ́.

Ẹ má ya ojú yín láti inú fọ́tò tí ẹ na fóònù síwájú yà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ṣírò rẹ̀ pé láti nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, imú máa ń fẹ̀ tó 30% ju bó ṣe máa hàn láti mítà kan àbọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ yín kì í jókòó sí ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà sí imú yín, ó kéré tán kì í ṣe lójoojúmọ́.

2. Ọṣẹ lórí dígí

Ẹ dúró síwájú dígí, ẹ di ojú kan, ẹ fi ọṣẹ sàmì síbi tí òkè orí yín wà lórí dígí náà, kẹ́ ẹ tún sàmì síbi àgbọ̀n. Ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí orí yín bá tó sẹ̀ǹtímítà 22 láti òkè dé àgbọ̀n, ohun tí ẹ máa bá láàárín àmì méjèèjì ò ní ju nǹkan bíi 11 lọ. Ẹ sún mọ́ dígí, ẹ lọ sẹ́yìn, iye yẹn ò ní yí padà. Ìdí ni pé ìdajì ọ̀nà ni ojú dígí wà láàárín yín àti ẹni tí ẹ ń wò nínú rẹ̀. Ìwọ̀n 11 yìí ni kẹ́ ẹ lò lórí bébà, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tí bébà bá gbà á. Ẹni tí kò bá wọn nǹkan kan máa ń ya orí ńlá sórí ọrùn kékeré, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí bébà tó tán lábẹ́ ẹnu.

Ìlà tó tẹ̀ lé e yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń fi mọ̀ yín láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹyinjú wà ní àárín gbùngbùn orí gan-an: bó ṣe jìn sí àgbọ̀n náà ló ṣe jìn sí òkè agbárí. Òkè agbárí ni mo wí o, kì í ṣe òkè irun. Ẹni tó bá gbé irun gíga tàbí tó wé gèlè ní láti fi ìka tẹ irun wọlé kó tó mọ ibi tí agbárí ti bẹ̀rẹ̀. Ìbú ojú kan ló wà láàárín ojú méjèèjì. Ìsàlẹ̀ imú wà ní àárín ìpéǹpéjú òkè àti àgbọ̀n, tàbí nítòsí ibẹ̀. Etí bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìpéǹpéjú, ó parí síbi ìsàlẹ̀ imú. Gbogbo ìwọ̀n yìí, ti gbogbogbòò ni. Níbi tí ojú yín bá ti yàtọ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an ni ojú yín wà, torí náà ẹ wọn tiyín, ẹ má há tèmi sórí.

Ẹ tètè ya ẹnu, nígbà tí ara ṣì ń tù yín. Tí wákàtí kan bá ti kọjá níwájú dígí, ẹnu á ti fún pọ̀, iwájú orí á ti ká jọ, ẹ ò sì ní mọ̀.

Tí ẹ bá parí, orúkọ yín lè wà ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ẹ yà á. Ẹ má kọ ọdún ìbí yín sí i, ẹ má fi ìlà dúdú yí i ká. N'Ìbàdàn, ojú èèyàn ní dúdú àti funfun, pẹ̀lú orúkọ lábẹ́ àti ọdún méjì tí dáàṣì wà láàárín wọn, ara ògiri àti ara pààlà la ti ń rí i, gbogbo wa la sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

3. Ẹ yí i padà

Ẹ ya fọ́tò àwòrán náà ní ojúmọmọ, láti òkè tààrà, kí bébà má ṣe wọ́. Ẹ fi fóònù yí fọ́tò náà sí òdìkejì. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kún Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ń tẹ irú rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà márùn-ún láti inú fóònù, kí wọ́n má ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì máa ń jẹ gbogbo òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí pẹ́ńsùlù HB ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì funfun bí ẹni kun àtíkè. Ẹ kọ "dígí" sẹ́yìn àwọn tí ẹ ò yí padà, "èèyàn" sẹ́yìn àwọn tí ẹ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ wo ti "èèyàn". Ó ṣeé ṣe kó jọ yín lójú pé ẹnì kan gbá a lójú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Díẹ̀ nínú ohun tí ẹ rí yẹn, àjèjì tí ojú yín kò tíì mọ́ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀, àṣìṣe gidi ni: ojú kan tó ga ju bó ṣe yẹ, àgbọ̀n tó yọ́ sápá kan. Ọ̀nà àtijọ́ ni. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́, ti gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi dígí wo iṣẹ́ wọn, torí iṣẹ́ tó bá yí padà a dà bí iṣẹ́ ẹlòmíì, àléébù ẹlòmíì kì í sì ṣòroó rí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn ọ̀rẹ́ ń rí kó tó ya nǹkan kan, ọgbọ́n kan wà. Ẹ wá dígí kékeré méjì tí kò ní férémù, ẹ fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ létí kan, ẹ ṣí wọn bí ìwé títí wọ́n á fi ṣe kọ̀rọ̀ bíi ti igun ògiri. Ẹ wo àárín ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹni tí ẹ máa rí níbẹ̀ kò yí padà: tí ẹ bá fọwọ́ kan etí òsì, ọwọ́ tó wà lápá ọ̀tún inú dígí ló máa gbéra. Ẹ ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ojú yín mọ́ ọn.

4. Ta lẹ máa fi hàn?

Ẹ má fi han ogún èèyàn. Marùn-ún tó, tí ẹ bá ṣà wọ́n dáadáa.

Ẹ mú ọ̀kan tó ń rí yín lójoojúmọ́, bí alábàágbé yín nílé oníyàrá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan tí ẹ jọ ṣe kékeré, tí ojú rẹ̀ sì ti kúrò lára yín fún ìgbà díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé ojú yín kiri nínú orí rẹ̀, kì í ṣe lójú. Ẹ mú ọmọdé kan tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọmọdé ò mọ "o kú iṣẹ́" ní ọ̀nà tí àgbà gbà mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ẹnì kan tó ń yàwòrán, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ní Póólì Ìbàdàn, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tó máa wò ni bí ẹ ṣe lo pẹ́ńsùlù, òun kọ́ ló máa sọ bóyá ó jọ yín.

Ẹni karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù: agẹrun yín. Kò sẹ́ni tó mọ orí yín bíi tiẹ̀. Ó mọ̀ pé etí kan ga ju èkejì, ó mọ ibi tí irun ti sá sẹ́yìn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, òun nìkan ló ń wo yín lójúkojú tó tún ń wo yín nínú dígí ní jókòó kan náà. Tó bá ní "kò jọ ẹ́", ọ̀rọ̀ dígí kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ lọ bá a lọ́jọ́ tí ọjà ò tà, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ Sátidé tí èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Fún obìnrin, onídìrí dípò agẹrun.

Ìyá ńkọ́? Ẹ fi han ìyá tí ẹ bá fẹ́ àdúrà. Ìdájọ́ tiwọn ti wà nílẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín.

5. Bí ẹ ṣe máa fi hàn

Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá jọ wò ó, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ni àwọn yòókù máa dì mọ́, pàápàá tí ẹni náà bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Ìgbà náà ni ẹ máa rò pé èèyàn mẹ́rin ló rí àléébù kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló rí i, mẹ́ta ló bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ gbé e sí ibi tó jìn tó mítà méjì, ní ìwọ̀n ojú, ní ojúmọmọ. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ má sọ pé kò tíì parí. Ẹ má sọ pé pẹ́ńsùlù yẹn ò dáa. Ọ̀rẹ́ tó bá ti gbọ́ àwáwí kì í sọ òótọ́ mọ́, ìtùnú ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Ojú ọ̀rẹ́ lẹ máa wò, ẹ má wo àwòrán. Ohun tó bá ṣe kó tó lanu lẹ wá. Tó bá wo bébà tó sì wo yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti dá yín mọ̀. Tó bá ń wò ó lọ wò ó bọ̀, bébà, ojú yín, bébà, ojú yín, ó ń wá ibi tó ti jọ. Tó bá tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ lọ wo bí ojú méjèèjì ṣe dúró lórí ìlà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dagun.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ bi í. "Ṣé ó dáa?" kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀bẹ̀ ni. "Kí lo kọ́kọ́ rí?" dáa. "Ẹni ọdún mélòó lo rò pé eléyìí jẹ́?" dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbé bébà méjèèjì tí ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ní: "Mú ọ̀kan tó jọ mí jù." Ẹ fún un ní bírò pupa kó yí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ká lórí èyí tó bá mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi sọ ohun tó ń ṣe imú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sẹ́yìn bébà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

6. Ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n ń wí

*"Kí ló dé tó o fajú ro báyìí? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"* Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń wo dígí tó ń yàwòrán kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń wọn nǹkan, iwájú orí rẹ̀ sì ká. Ojú iṣẹ́ lẹ yà, ọ̀rẹ́ yín ò sì mọ ojú iṣẹ́ yín, ojú eré ló mọ̀. Ẹ má yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ wo igun ẹnu méjèèjì àti ìlà tó wà láàárín ìpéǹpéjú. Tí ẹ bá fi irésà tẹ ìlà àárín yẹn kó rọlẹ̀, tí ẹ sì gbé igun ẹnu sókè ní ìwọ̀n ẹnu pẹ́ńsùlù péré, inú á yọ́.

*"O ti dàgbà jù."* Ìlà ni. Ọ̀nà tó ti imú sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, àti àpò abẹ́ ojú, kì í ṣe ìlà lójú ọmọ ọgbọ̀n ọdún, òjìji lásán ni. Ẹni tó bá fi pẹ́ńsùlù fà á bí ìlà ti fi ogún ọdún kún ara rẹ̀. Ẹ pa ìlà rẹ́, ẹ fi 2B tí ẹ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kun ún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò nílẹ̀ wa ṣá. Nígbà tí olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan ń bi àwọn ará ìlú ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn nípa ohun tó ń mú ère dára, lára ohun tí wọ́n tò fún un ni dídán, gígún, jíjọra àti ọ̀dọ́. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ arúgbó bí arúgbó. Ìgbà tí ẹni náà wà lókun ló máa gbẹ́. Jíjọra náà, wọn ò fẹ́ kó pọ̀ jù, wọn ò sì fẹ́ kó kéré jù. Aina Ọnabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde tí wọ́n bí ní 1882, ló wá gba ọ̀nà mìíràn, tó fi ọ̀dà olóróró ya ojú èèyàn bí ojú ṣe rí gẹ́lẹ́. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ láti inú àwòrán inú ìwé kó tó lọ kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ọ̀rẹ́ yín ní Bẹẹrẹ ń fi ojú méjèèjì yìí wò yín lẹ́ẹ̀kan náà: ó fẹ́ kó jọ yín bíi ti Ọnabolu, ó sì fẹ́ kí ẹ dúró lọ́dọ̀ọ́ bíi ti agbẹ́gilére. Ẹ̀yin lẹ máa yan èwo lẹ fẹ́ ṣe. Tí ẹ bá dàgbà lóòótọ́, ẹ fi ìlà yín sílẹ̀.

*"Orí ẹ dà?"* tàbí *"Iwájú orí ẹ ti kéré."* Ẹ gbé ẹyinjú sókè jù lórí bébà. Ẹ padà síbi rúlà. Kò sí àtúnṣe kékeré fún èyí. Ẹ tún un yà.

*"O dúdú jù."* Ẹ má tètè kun ún ní funfun. Lórí bébà funfun, òjìji kankan á dúdú ju bó ṣe yẹ, torí funfun tó yí i ká. Ẹ kọ́kọ́ fi 2B kun ẹ̀yìn orí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tún fi han ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ ti parí. Tí kò bá parí, ìmọ́lẹ̀ lẹ fi sílẹ̀. Awọ dúdú máa ń dán: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń kọ mànà níwájú orí, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí igi imú, àti lórí ètè ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni bébà gbọ́dọ̀ ti fara hàn láìsí pẹ́ńsùlù kankan. Ẹni tó bá kun gbogbo ojú ní àwọ̀ kan náà, ìbòjú ló yà.

*"Ó jọ bàbá ẹ."* Ẹ dúpẹ́. Egungun ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ wo àyè tó wà láàárín imú àti ètè òkè, àti bí àgbọ̀n ṣe fẹ̀ tó. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọmọ ti sábà máa ń yà kúrò lára baba.

*"Ọlọ́run má jẹ́!"* Ẹ ti gbàgbé ohun tí mo sọ nípa ìlà dúdú àti ọdún ìbí.

*"Ó dà bíi fọ́tò!"* Oríyìn ni, ẹ gbà á, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ bi í pé fọ́tò ta ni.

*Ẹ̀rín.* Ẹ̀rín tó bú jáde lójijì, tó tẹ̀ lé e ní "Ìwọ gan-an nìyí!", ni oríyìn tó ga jù tí ẹ lè gbà. Ẹ̀rín tí ẹni náà fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wádìí. Bákan náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́: n'Ìbàdàn tí ẹnu kì í dákẹ́, ọ̀rẹ́ tó bá dákẹ́ níwájú àwòrán yín ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ ni. Ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ fún un ní bírò pupa yẹn.

*"Ojú ẹ ò dọ́gba."* Ẹ wo ẹ̀yìn bébà tó mú. Tó bá jẹ́ pé ti "dígí" nìkan ló sọ èyí fún, tí ti "èèyàn" sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ yín. Tó bá sọ ọ́ fún méjèèjì, àṣìṣe wà.

7. Kí ẹ tó fọwọ́ kan irésà

Ẹ kó bébà márààrún jọ, ẹ wo ibi tí bírò pupa ti pàdé. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí èèyàn mẹ́ta tí kò gbọ́rọ̀ ara wọn bá yí ká, ẹ tún un ṣe. Ìdí tí wọ́n sọ lè máà jẹ́ òótọ́: ọ̀rẹ́ lè sọ pé imú tóbi nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ló kéré. Ibi tí wọ́n fi hàn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kí ẹ sì wọn gbogbo àdúgbò rẹ̀.

Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dojú àwòrán délẹ̀, kí àgbọ̀n wà lókè, ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Ojú á dẹ́kun láti jẹ́ ojú, á di àyè àti ìlà, ìwọ̀n tó yingin á sì hàn. Irésà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e, ẹ má fi ha bébà. Ibi tí 6B bá ti wọlé tó sì ń dán, kò ní kúrò tán mọ́, torí náà ẹ yí òjìji tó wà nítòsí rẹ̀ padà dípò kẹ́ ẹ máa bá a jà.

Tó bá jẹ́ ti "èèyàn" ni gbogbo wọn mú, tí ẹ sì fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́ ibi tí àlejò á ti rí i, ẹ yí i padà pátápátá. Ẹ lẹ ojú bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ gbé bébà tuntun lé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi HB tọ ìlà tó bá hàn. Ẹ wá jókòó sí dígí méjì tí ẹ so pọ̀ láti kun òjìji rẹ̀. Ẹ má sọ ti àkọ́kọ́ nù, torí òun ni ẹ̀yin máa fẹ́ràn.

8. Ẹni tó ní "Wàá ya tèmi náà"

Ẹ dá owó lé e kí ẹ tó gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ọ̀rẹ́ ni o, ṣùgbọ́n bébà kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní Dùgbẹ̀, ìjókòó wákàtí méjì náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ fún un.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó ṣá. Ẹni tó jókòó síwájú yín, ojúkojú lẹ máa ń yà á, kò sí dígí láàárín. Àwòrán náà á jọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lójú ẹ̀yin náà. Òun nìkan ló máa wò ó tó máa sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, àmọ́ imú mi ò yà síbí." Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì mú irésà. Ẹ gbé dígí fún un, kó fi wo àwòrán náà láti inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìyókù owó tó jẹ yín nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.